Malété, Osì, Iléṣà Bàrùbá: ṣé orúkọ kan náà ni gbogbo wọn yóò máa jẹ́?

Ọmọ Olómù (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú déédéé àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń bọ̀ tó dé.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Malété, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro, ni KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwárà (Kwara State University), ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Nígbà tó yá, ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq kọ́ ọgbà méjì mìíràn kún un. Ọ̀kan wà ní Osì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì tiwa níbí ní Gúúsù Kwárà, èkejì wà ní Iléṣà Bàrùbá ní Bàrùtẹ́ẹ̀n. Inú wa dùn, a jó, a yọ̀. Àfi bí ìjà orúkọ ṣe bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá. Àwọn kan ní kí ti Osì ní orúkọ tirẹ̀ pátápátá, kó má di ọmọ ẹ̀yìn Malété. Àwọn kan fárí gá, wọ́n ní orúkọ kan ṣoṣo ni kó wà, ẹni tó bá ń fi orúkọ ìlú kún un ń fọ́ ilé-ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́ ni. Bàbá kan tiẹ̀ dìde, ó gbá tábìlì, ó ní òun ò dá owó ẹgbẹ́ mọ́ títí wọn yóò fi kọ "Osì" sára pátákó gàdàgbà.

Èrò tèmi rèé. Ìwé-ẹ̀rí kan, orúkọ kan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìkéde, lórí fọ́ọ̀mù, nínú lẹ́tà ìgbaniwọlé, lẹ́nu géètì, kí orúkọ ìlú máa tẹ̀lé orúkọ yunifásítì nígbà gbogbo, kó sì pé. Iléṣà Bàrùbá ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe Iléṣà lásán. Ẹ rántí pé ní 2022 ni ìjọba Ọ̀ṣun sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà ní Iléṣà tiwọn di yunifásítì, University of Ilesa ló sì ń jẹ́. Ọmọ tí kò tíì kúrò nílé rí, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí à ń wí?

Ẹ bá mi dá sí i.

Ìyá Ìbejì Tankẹ́

Ọmọ Olómù, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi bí abiyamọ. Ìbejì ni mo bí. Inú kan náà ni wọ́n ti jáde, ọmú kan náà ni wọ́n mu. Síbẹ̀, Táyé ni mò ń pe ọ̀kan, Kẹ́hìndé ni mò ń pe èkejì, mi ò sì pe Táyé kí Kẹ́hìndé wá jẹ́ mi lóhùn rí. Kí ló dé tí a ó fi bí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí a ó sì sọ wọ́n lórúkọ kan? Ẹ fún Osì lórúkọ tirẹ̀, ẹ fún Iléṣà Bàrùbá ní tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Alfa Agbájí

Àsàláàmú àlàékùm gbogbo ilé.

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ni Táyé àti Kẹ́hìndé. Ẹni kan náà ni Malété àti Osì nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí. Ọ̀gá àgbà kan, rẹ́jísítrà kan, sẹ́nétì kan. Sẹ́nétì yẹn ló ń fọwọ́ sí èsì ìdánwò, òun ló ń fúnni ní oyè. Tí sẹ́nétì bá jẹ́ ọ̀kan, oyè jẹ́ ọ̀kan, orúkọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Malété ni mo ti jáde. Mo mọ ohun tí ojú wa rí láti sọ orúkọ yẹn di ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ gbọ́ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tí o bá ní KWASU, wọn á ní, "Kí nìyẹn?" Ó tó ọdún mélòó kan kí ìbéèrè yẹn tó dáwọ́ dúró. Ẹ fẹ́ kí ọmọ Osì tún lọ bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo pẹ̀lú orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀?

Ẹ wo UNIOSUN nítòsí wa níbí. Ọgbà mẹ́fà ni wọ́n ní: Òṣogbo, Èjìgbò, Ìfẹ̀tẹ̀dó, Ìkirè, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Òkukù. Ìfẹ̀tẹ̀dó ni wọ́n ti ń kọ́ òfin. Lọ́yà tó jáde níbẹ̀, Osun State University ni yóò dárúkọ fún yín. Kò sẹ́ni tó ń jà.

Káfé Òkè-Odò

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Káfé ni mo ní ní Òkè-Odò, ní ọ̀nà Unilọrin. Lásìkò fọ́ọ̀mù JAMB, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni èrò ti máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọbìnrin kan wá láti apá Kàyámà. Ó ti kọ gbogbo nǹkan sínú ìwé kékeré kan, ó ká a sínú àpò ìyá rẹ̀. Nígbà tó kan yunifásítì, ó kà á sókè fún mi: "Iléṣà." Mo tẹ lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́, University of Ilesa yọ gbẹ̀du lójú kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọ̀hún ti gbójú kúrò, ó ń ka owó tí yóò san fún mi. Mo dá ọwọ́ dúró. Mo ní, "Àbúrò, Iléṣà wo?" Ó ní, "Iléṣà tó wà ní ọ̀nà Kíṣí." Mo ní, "KWASU lo ń wá nìyẹn." Ó ní rárá, òun ò fẹ́ Malété, ó ti jìnnà jù, ìyá òun ò lówó ilé tí òun máa háyà níbẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí n tó lè là á yé e pé KWASU kan náà ni, ọgbà ló yàtọ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn ti ń pariwo pé kí la ń ṣe níwájú.

Ká ní mo ti fi í ránṣẹ́ ńkọ́? Àtúnṣe wà lóòótọ́, owó mìíràn ni, ọjọ́ mìíràn ni, owó ọkọ̀ mìíràn láti Kàyámà ni.

KASU àti KWASU tún wà níbẹ̀. KASU ni wọ́n ń pe yunifásítì ìpínlẹ̀ Kaduna. Lẹ́tà kan péré ló wà láàárín wọn. Bàbá ọmọ á pè mí lórí fóònù pé "Kásù ni kí o mú fún un", mo gbọ́dọ̀ bèèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, mo wà lẹ́yìn Ọmọ Olómù. Ẹ kọ orúkọ ìlú kó pé.

Ọmọ Okun

Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Aládùúgbò yín ni mí, Kàbà ni mo ti wá, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ohun tó ṣe wá ṣe yín.

Ní 1999 ni wọ́n dá Kogi State University sílẹ̀ ní Anyigba, nígbà tí Abubakar Audu jẹ́ gómìnà. Lẹ́yìn tó kú ní 2015, ìjọba Yahaya Bello fi orúkọ rẹ̀ sọrí yunifásítì náà, ó di Prince Abubakar Audu University. Kò burú, òun ló dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2023, nígbà tí ìjọba kan náà fún wa ní yunifásítì ní Kàbà, orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́? Kogi State University.

Ẹ gbọ́ ọ ná. Orúkọ tí Anyigba bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n gbé wọ Kàbà. Gbogbo ẹni tó jáde ní Anyigba fún nǹkan bí ogún ọdún, "Kogi State University" ló wà lórí ìwé wọn. Àwọn ọmọ tí yóò jáde ní Kàbà náà, ohun kan náà ni yóò wà lórí tiwọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó jáde ní Anyigba ń bínú pé wọ́n ti gba orúkọ àwọn fún ẹlòmíràn. Àwa ní Kàbà náà ò sinmi, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n máa bi ọmọ òun pé, "Ṣé Anyigba lo ti jáde ni?" Gbogbo Okun ló fẹ́ yunifásítì yẹn, a ti béèrè fún un tipẹ́. Orúkọ tó dá yàtọ̀ kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Alfa Agbájí, ẹ wò ó dáadáa o. Tí ẹ bá wá yí orúkọ Malété padà lọ́la, tí ẹ fi orúkọ olóṣèlú kan sí i, tí KWASU wá ṣẹ́kù fún Osì, wàhálà wa gan-an nìyẹn.

Alfa Agbájí

@Ọmọ Okun: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ kú ìfaradà.

Ọmọ Osì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ onílé náà sọ̀rọ̀.

Alfa, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa sẹ́nétì dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ Ìlọrin ló yẹ kó rántí ìtàn yìí jù wá lọ. Kí ni Unilọrin tẹ́lẹ̀? Ní 1975 tí wọ́n dá a sílẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn ni. Ní 1977 ló dá dúró. Jos náà, ọgbà Ìbàdàn ló jẹ́ láti 1971. Ṣé ẹnikẹ́ni ń sọ lónìí pé kí Unilọrin padà máa jẹ́ orúkọ Ìbàdàn? Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé nígbà tó kan Osì, a gbọ́dọ̀ máa jẹ́ orúkọ Malété títí ayé?

Ìlú tiwa kì í ṣe ìlú àìmọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà mọ Areogun, bàbá agbẹ́gilére tó kú ní 1954, àti Bámidélé ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní George Bandele. Ilẹ̀kùn àti òpó tí wọ́n gbẹ́ wà ní mùsíọ̀mù lókè òkun. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n kọ nípa wọn, "Osì-Ìlọrin" ni wọ́n ń kọ, kí àwọn òǹkàwé má baà rò pé Osì tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ tó jọra yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ni wọ́n ń pè wá, a wà ní Kwárà. Ìpínlẹ̀ kan wà níbẹ̀ yẹn tó ń jẹ́ Èkìtì. Tí ẹ bá wá sọ pé "KWASU" lásán ni kó tún wà lórí wa, níbo la ti fẹ́ hàn?

Bàbá Tíṣà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Mo ti fẹ̀yìntì, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe jẹun, mo sì gbé Adó-Èkìtì fún ìgbà pípẹ́ kí n tó padà wálé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀.

Ní 1982, Gómìnà Adékúnlé Ajásin dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ yunifásítì yẹn ni Obafemi Awolowo University. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Adó. Ní 1985, lábẹ́ àwọn ológun, wọ́n yí i sí Ondo State University. Nígbà tí Bàbá Awólọ́wọ̀ wá dolóògbé ní oṣù karùn-ún 1987, ìjọba Babangida gbé orúkọ náà fún Yunifásítì Ifẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí dòní.

Kò tán síbẹ̀. Ní 1996, Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Yunifásítì tó ń jẹ́ Oǹdó wá bá ara rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó di University of Ado-Ekiti. Oǹdó tí kò ní yunifásítì ìpínlẹ̀ mọ́ dá òmíràn sílẹ̀ ní Àkùngbá ní 1999. Ondo State University ni wọ́n tún kọ́kọ́ pe ìyẹn náà, kí wọ́n tó fi orúkọ Ajásin sọ ọ́. Ní 2011, wọ́n kó ti Adó, ti Ìkéré àti ti Ìfàkì pọ̀, ó di Ekiti State University.

Ẹ wá rò ó wò. Ẹni tó jáde ní Adó ní 1990, Oǹdó ni ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ń wí. Tó bá kọ̀wé sí Àkùngbá láti tọrọ àkọsílẹ̀, wọn ò ní rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, nítorí Adó ni fáìlì rẹ̀ wà, lábẹ́ orúkọ tí kò sí lórí ìwé-ẹ̀rí tó dì mọ́wọ́. Àwọn tí mo kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì tí wọ́n lọ sí ibẹ̀ pọ̀. Wọ́n ti di ọ̀gá níbi iṣẹ́, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń to àlàyé yìí lẹ́sẹẹsẹ fún àwọn tó ń yẹ ìwé wọn wò.

Lákòókò yẹn kan náà, "OSU" ni ìkékúrú Ogun State University tó wà ní Àgó-Ìwòyè, OSU náà ni àwọn kan ń pe ti Oǹdó. Ní báyìí, yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa ń jẹ́ OAUSTECH, lórúkọ Olúṣẹ́gun Àgágù. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ńkọ́? OAU, ìkékúrú ti Ifẹ̀ gan-an.

Ọmọ Unilag Tó Wà n'Ílọrin

Háà, Bàbá Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an ni sà. Mi ò gbọ́ ti Adó yẹn rí.

Èmi náà wà ní Àkọkà ní 2012 tí Ààrẹ Jonathan kéde lórí tẹlifíṣọ̀n pé Moshood Abiola University ni Unilag yóò máa jẹ́. Ojú títì kún fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ràn Abíọ́lá dénú, ẹ má ṣì wá gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè ni. Ní 2013 ni ìjọba jáwọ́ nínú ẹ̀.

Abọ́dé Missouri

Ẹ kú ilé o. Mo gbé ní Missouri, ní Amẹ́ríkà, kí n tó padà sí Ọ̀fà. Ìjà yìí gan-an wà níbẹ̀. Ọgbà mẹ́rin ni University of Missouri ní: Columbia, Rolla, Kansas City àti St. Louis. Orúkọ ìlú ń tẹ̀lé orúkọ gbogbo wọn. Ní 2007, ti Columbia tó dàgbà jù ní òun fẹ́ yọ "Columbia" kúrò, kí òun máa jẹ́ University of Missouri lásán, wọ́n sì gbà fún un. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe rí létí àwọn yòókù: ó dà bí pé òun nìkan ni yunifásítì, àwọn tó kù jẹ́ ẹ̀ka. Ti Rolla, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, gba orúkọ mìíràn ní 2008, ó di Missouri University of Science and Technology. Inú ètò kan náà ni gbogbo wọn ṣì wà.

Ní St. Louis yẹn kan náà, Washington University wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń rò pé ìpínlẹ̀ Washington ló wà, nítorí University of Washington wà lọ́hùn-ún. Ní 1976, wọ́n fi "in St. Louis" kún orúkọ wọn, ó di ti òfin.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé tí ẹ bá fẹ́ fi orúkọ ìlú kún ti Osì àti ti Iléṣà Bàrùbá, ẹ fi Malété náà kún ti Malété. Kí àgbà má jẹ́ orúkọ lásán kí àwọn àbúrò máa wá ru orúkọ ìlú kiri.

Ọmọ Osì

Abọ́dé, ẹnu yín ò ní kan. Ohun tó ń dùn mí gan-an lẹ sọ yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé e kalẹ̀ ni.

Alfa Agbájí

Mo gba ti Abọ́dé. "KWASU Malété" ni a tiẹ̀ ń pè é tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tuntun níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n, Ọmọ Osì, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn lórí Unilọrin. Orúkọ kọ́ ló kọ́kọ́ wá. Òfin ló kọ́kọ́ wá. Nígbà tí Unilọrin kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, ó gba sẹ́nétì tirẹ̀, ó gba owó tirẹ̀, ó ń fúnni ní oyè tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni orúkọ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ṣe òfin tó sọ Osì di yunifásítì tó dá dúró, èmi ni n ó kọ́kọ́ yọ̀ pẹ̀lú yín, ẹ sọ ọ́ lórúkọ tó bá wù yín. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, orúkọ ọ̀tọ̀ á tan ọmọ jẹ ni. Yóò rò pé òun wà ní yunifásítì kan, ìwé-ẹ̀rí á sì wá láti ibòmíràn.

Ìyá Ìbejì Tankẹ́

Àlàyé Alfa yé mi. Òfin lẹ ní kó ṣáájú, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù.

Ọmọ Ìjàkadì

Ẹ̀yin ará Gúúsù, gbogbo ohun tí wọ́n bá fún wa lẹ máa ń gbà láìjanpata. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Ẹ lọ bá gómìnà, ẹ ní orúkọ ọ̀tọ̀ lẹ fẹ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó kó ilé rẹ̀. Àwọn Ìlọrin ló máa ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà lábẹ́ wọn.

Alábòójútó

Ọmọ Ìjàkadì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ Ìlọrin àti Gúúsù kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó bú ara wọn láti òkè dé ibí, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Malété gan-an ò sí nínú ìgboro Ìlọrin.

Àǹtí Ọ́fíìsì

Ẹ kú àṣálẹ́ o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni yíyẹ ìwé-ẹ̀rí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ wò. Ó ṣeé ṣe kí n rí ohun tí ẹ ò rí.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Wọ́n gba ọmọ kan síṣẹ́. Ó kó ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wá, pẹ̀lú ìwé àgùnbánirọ̀. A ó kọ lẹ́tà sí rẹ́jísítrà yunifásítì rẹ̀ pé, ṣé ọmọ yín ni ẹni yìí, ọdún wo ló jáde, oyè wo lẹ fún un? Rẹ́jísítrà á dáhùn. Ẹ̀yìn ìdáhùn yẹn ni wọ́n tó fìdí ọmọ náà múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Níbo ni mo ti ń mú àdírẹ́sì tí mò ń kọ sí? Orúkọ tó wà lórí ìwé-ẹ̀rí ni mo ń wò.

Ìwé-ẹ̀rí kan wà lórí tábìlì mi ní ìjẹta. Orúkọ yunifásítì wà lókè, oyè wà láàárín, òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀. Orúkọ ìlú kankan kò sí lára rẹ̀. Yunifásítì tó ti ń jẹ́ irú orúkọ yẹn ju ọ̀kan lọ. Ọdún tó wà lórí rẹ̀ ni mo fi mọ èyí tó jẹ́. Ká ní ẹni tí kò mọ ìtàn ló wà lórí àga mi, lẹ́tà á lọ sí ibòmíràn, wọn á fèsì pé àwọn ò mọ ọmọ yìí rí. Ẹ mọ ohun tí irú èsì bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀. Ọ̀gá á ti rò pé ayédèrú ni. Ọmọ tó fi ọdún mẹ́rin jìyà fún un ni yóò máa sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ Olómù, níbi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín nìyí. Ẹ ní orúkọ kan ṣoṣo ni kó wà lórí ìwé-ẹ̀rí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí orúkọ ọgbà wà lórí transcript, níbi tí wọ́n ti to gbogbo kọ́ọ̀sì tó ṣe lẹ́sẹẹsẹ. Ìyẹn kò dín iyì ìwé-ẹ̀rí kù, ó sì ń fi hàn ibi tí ọmọ ti kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ wo Lagos náà: láti 2022, Lagos State University, Lagos State University of Science and Technology àti Lagos State University of Education ló wà níbẹ̀, sẹ́nétì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ máa ń kọ "Lagos State University" nìkan sínú CV, mo gbọ́dọ̀ pè wọ́n kí n bèèrè èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Níbí n'Ílọrin pàápàá, ọmọ Al-Hikmah á sọ fún wa pé "yunifásítì kan n'Ílọrin" ni òun lọ, ará Èkó tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò á ti kọ Unilọrin sílẹ̀. Orúkọ kíkún, orúkọ kíkún, orúkọ kíkún. Èmi ò mọ bí mo ṣe lè pariwo rẹ̀ jù báyìí lọ.

Bàbá Tíṣà

Ọmọ mi, o káre. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú àwa àgbà tó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ kò rò dé ibẹ̀ lo sọ yẹn. Orúkọ baba ìlú àti orúkọ olóṣèlú la máa ń jà fún. Ọmọ tó máa ru orúkọ náà kiri fún ogójì ọdún kì í sí níbi ìpàdé.

Ọmọ Olómù

Ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí n ó gbé lọ sí ìpàdé nìyí, ẹ bá mi wò ó bóyá ó yẹ ní títúnṣe.

A ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe sí gómìnà ní àkọ́kọ́. A ó ní níbi gbogbo tí wọ́n bá ti dárúkọ ọgbà kan, kí orúkọ ìlú rẹ̀ wà níbẹ̀ ní kíkún, kí Malété náà wà lára ti Malété gẹ́gẹ́ bí Abọ́dé ṣe wí. A ó ní kí orúkọ ọgbà wà lórí transcript. Ti Àǹtí Ọ́fíìsì nìyẹn, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. A ó ní tí ìjọba bá fẹ́ yí orúkọ kan padà lọ́jọ́ iwájú, kí wọ́n má fi orúkọ àtijọ́ yẹn sọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn láéláé. Ohun tí Ọmọ Okun sọ nípa Anyigba àti Kàbà ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ pé kí Osì dá dúró, mi ò ní fi í kún lẹ́tà yìí. Lẹ́tà tirẹ̀ ló yẹ kó ní, sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Bàbá tó gbá tábìlì yẹn, n ó lọ bá a nílé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ máa dùn tó bá gbọ́ pé Osì máa hàn lára pátákó.

Ọmọ Osì

Ó tẹ́ mi lọ́rùn fún báyìí. Ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yẹn, èmi ni n ó kọ ọ́. Alfa, ẹ ti ṣèlérí pé ẹ ó bá wa yọ̀ o. N ó mú lẹ́tà náà wá kí ẹ fọwọ́ sí i.

Alfa Agbájí

Ẹ mú un wá. N ó fọwọ́ sí i.

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́ dé. Ọmọ mi ń kọ JAMB lọ́dún yìí, ó fẹ́ lọ sí Yunifásítì Iléṣà, ti Ọ̀ṣun gan-an ni, ọ̀dọ̀ àbúrò mi ló máa gbé. Ìwé tí wọ́n kọ fún un ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn ní "Ilesha". Ẹ̀rù ń bà mí lẹ́yìn tí mo kà gbogbo èyí tán. Kí ni kí n sọ fún ẹni tó máa bá a kún fọ́ọ̀mù?

Káfé Òkè-Odò

Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni náà pé "University of Ilesa, Ọ̀ṣun", láìsí lẹ́tà "h" nínú Ilesa. Kó tó fi ránṣẹ́, kí ọmọ fúnra rẹ̀ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kó ka orúkọ yunifásítì àti orúkọ ìpínlẹ̀ sókè. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kó tún wò ó kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá sún mọ́ Òkè-Odò, ẹ mú un wá bá mi. Ọjọ́ Sátidé ni èrò máa ń pọ̀ jù, ẹ wá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.